Káàdì wà lọ́wọ́, ìbò ò ṣeé dì: kí la máa ṣe kí ìbò káńsù tó dé?

(Ìjíròrò yìí wáyé lẹ́yìn ìbò gómìnà Òǹdó ti ọdún 2024; òfin àti ìlànà tó wà nígbà náà ló ń tọ́ka sí.)

Ọmọ Etí Odò Àlá
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ àti gbogbo Ondo. Ìbò gómìnà ti lọ, wọ́n ti kéde ẹni tó wọlé, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ 16, oṣù Kọkànlá, 2024 yẹn ò tíì tán nílẹ̀ nílé tiwa. Ìyá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún. Wọ́n jí ní kùtùkùtù, wọ́n wẹ̀, wọ́n wé gèlè, wọ́n mú káàdì ìdìbò wọn dání, ó di ibùdó tí wọ́n ti ń dìbò láti ayé gómìnà Àgàgù. Wọ́n ní orúkọ wọn ò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n júwe ibòmíràn fún wọn, wọ́n fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, ẹ̀rọ BVAS tí wọ́n fi ń dá olùdìbò mọ̀ tún kọ ìka wọn. Òṣìṣẹ́ tó wà nídìí ẹ̀rọ ní kí wọ́n máa lọ sílé. Àbúrò mi obìnrin ń gbé lápá FUTA, yunifásítì tó wà ní Àkúrẹ́ níbí, báyìí, ṣùgbọ́n ìlú Òǹdó ló ti forúkọ sílẹ̀. Wọn ò jẹ́ kí ọkọ̀ rìn lọ́jọ́ náà, kò lè lọ. Ó dùn mí gan-an, nítorí kò sẹ́ni tó kọ̀ láti dìbò nínú wọn.

Kí ló yẹ ká ṣe nísinsìnyí, kí ìbò ìjọba ìbílẹ̀ ọjọ́ 18, oṣù Kìíní, 2025 tó dé, kí 2027 náà tó dé? Ìkejì, ẹ̀bá Odò Àlá ni àdúgbò wa wà. Bí òjò bá ti rọ̀ tó le, omi á wọlé. Gbogbo ẹni tó ń wá ìbò ló ti dúró lórí gọ́tà yẹn tó ṣèlérí. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é ládùúgbò tiyín tí ìlérí fi ń di iṣẹ́?

Àgùnbánirọ̀ Àná
Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mo bá INEC, àjọ elétò ìdìbò Nàìjíríà, ṣiṣẹ́ ìdìbò nígbà tí mo ń sin ilẹ̀ bàbá mi, ohun tí mo fojú rí ni màá sọ.

Orúkọ màámi ò sọnù. Ní 2021, INEC dá ibùdó ìdìbò tuntun sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. 119,973 ni wọ́n tẹ́lẹ̀, wọ́n di 176,846. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń kó èèyàn láti ibi tí èrò ti pọ̀ jù lọ síbi tuntun. Ní ìpínlẹ̀ wa nìkan, ibùdó 3,933 ló wà ní wọ́ọ̀dù 203. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n gbé kúrò ò mọ̀ títí wọ́n fi dé orí ìlà. INEC fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ o, ṣùgbọ́n nọ́ńbà fóònù tí àwọn àgbàlagbà fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń forúkọ sílẹ̀, mélòó ló ṣì ń wọlé? Ẹ bá wọn lọ sórí ìkànnì INEC, ẹ fi nọ́ńbà tó wà lára káàdì wò ó, á gbé orúkọ ibùdó wọn jáde. Ẹ kọ ọ́ sí bébà, ẹ fi sínú pọ́ọ̀sì kan náà pẹ̀lú káàdì. Ẹ wá mú wọn débẹ̀ lọ́jọ́ kan tí kì í ṣe ọjọ́ ìbò, kí wọ́n fojú ara wọn rí ibẹ̀.

Ti ẹ̀rọ yẹn, ẹni tó dá wọn padà ṣe ohun tí kò tọ́. Bí BVAS bá kọ ìka, ojú ló kàn. Ojúṣe òṣìṣẹ́ ni kó gbé ẹ̀rọ sókè, kó ya ojú wọn, bí ojú bá bá fọ́tò tó wà nínú ẹ̀rọ mu, ọ̀rọ̀ parí, wọ́n á dìbò. Àfi bí méjèèjì bá kọ̀. Ìka àwọn àgbà wa máa ń kọ̀ nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe: ẹni tó ti fọwọ́ sá kókó, tó yan gààrí, tó fọṣọ fún ogún ọdún, ilà ìka rẹ̀ á ti fá. Mo rántí màámi kan tó tẹ àtàǹpàkò, ó tẹ ìlábẹ̀, kò wọlé. Abẹ́ igi máńgòrò la wà, òjìji bò wọ́n lójú, gèlè sì sọ̀kalẹ̀ dé ìpéǹpéjú. A ní kí wọ́n ti gèlè sẹ́yìn, kí wọ́n bọ́ awò ojú, kí wọ́n bọ́ sí gbangba. Ẹ̀rọ gbà wọ́n lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, kí ẹni tó bá tẹ̀ lé wọn mọ gbólóhùn kan sọ: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya ojú wọn.” Bí òṣìṣẹ́ kékeré bá kọ̀, kẹ́ ẹ bá olórí ibùdó sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́.

Ìyá Aláṣọ, Ọjà Ọba
Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ rẹ dára. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìjókòó kún un. Ìlà àgbàlagbà yàtọ̀. Arúgbó, aláboyún, abiyamọ tó gbé ọmọ pọ̀n, wọn ò gbọdọ̀ tò sẹ́yìn gbogbo èèyàn. Ẹ bá àwọn ọ̀dọ́ tó wà lórí ìlà sọ ọ́, wọ́n máa ń gbà. Ẹ gbé àpótí kékeré dání àti omi nínú ike. Bí wọ́n bá ń mu oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n lò ó kí wọ́n tó jáde. Agogo mẹ́jọ àbọ̀ ni ìdìbò ń bẹ̀rẹ̀ tí yóò sì parí ní agogo méjì àbọ̀. Ẹni tó bá ti wà lórí ìlà nígbà yẹn, wọn ò gbọdọ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ obìnrin ọjà ni ò mọ èyí. Wọ́n á wo aago, wọ́n á ní ó ti bọ́, wọ́n á kúrò lórí ìlà.

Kò sì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ dìbò-kó-o-sebẹ̀, owó tí wọ́n fi ń ra ìbò, látàárọ̀. Ṣé a ò rí i ni?

Dáyọ̀ Ìjòkà
A rí i, màmá. Ṣùgbọ́n èrò tèmi rèé: owó wa ni wọ́n kó. Bí wọ́n bá gbé e wá, kí èèyàn gbà á, kó wọ inú kọ́rọ̀ yẹn, kó tẹ̀ka fún ẹni tó wù ú. Ẹni tí ebi ń pa, ẹ fẹ́ kó kọ owó?

Ìyá Aláṣọ, Ọjà Ọba
Dáyọ̀, mi ò ní bá ọ jà, nítorí ebi tí o wí yẹn, èmi náà mọ̀ ọ́n. Ọjà tí mò ń tà mọ iye owó tó wà lọ́wọ́ ará ìlú ju rédíò lọ. Àmọ́ ohun tí o rò pé o máa ṣe nínú kọ́rọ̀ yẹn, àwọn tó ń pín owó ti rò ó ṣáájú rẹ. Wọn kì í fúnni lówó kéèyàn tó dìbò. Ẹnì kan á dúró síbi tí ó ti lè rí ọwọ́ rẹ. Ìwọ á tẹ̀ka tán, o ò ní tíì ká ìwé ìbò, o máa yí i sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé o ń fẹ́ tàdáwà tó wà lára rẹ̀ kó gbẹ. Ó bà mí nínú jẹ́. Ẹlòmíràn á fún ọ ní bébà pélébé, o máa mú un lọ sẹ́yìn ilé kan, ibẹ̀ lowó wà. Mo fojú rí ìyá kan tí wọ́n lé padà láìfún un ní kọ́bọ̀ nítorí pé ó tètè ká ìwé rẹ̀ kí wọ́n tó rí i. Ó ń sunkún. Kì í ṣe torí owó nìkan ló fi ń sunkún. Ó ní wọ́n tú òun síhòòhò láàárín èrò. Ṣé irú ìyẹn ni “gba owó, dìbò fún ẹni tó wù ọ́”?

Ọdún mẹ́rin ni gómìnà ń lò. Pín owó yẹn sí ọdún mẹ́rin kí o wò ó bóyá ó ra iyọ̀ ọbẹ̀.

Àgùnbánirọ̀ Àná
Màámi ti sọ bó ṣe ń lọ. Ti òfin ni kí n fi kún un. Nínú Òfin Ìdìbò 2022, olùfúnni àti olùgbà ni òfin mú, ẹ̀wọ̀n oṣù 12 sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ta káàdì rẹ̀ tàbí tó ra ti ẹlòmíràn, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ni, tàbí owó ìtanràn tó tó 500,000 náírà, tàbí méjèèjì. Mo ń sọ ti káàdì nítorí àwọn kan máa ń wá gba káàdì lọ́wọ́ àwọn ìyá wa kí ìbò tó dé, pé àwọn fẹ́ fi kọ orúkọ wọn fún ìrànwọ́ ìjọba. Ẹ má gbé káàdì fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá yín.

Nǹkan kan wà tí ará ìbùdó lè ṣe láàárọ̀ kí ìdìbò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ tètè dé, ẹ wo ibi tí wọ́n gbé páálí ìtẹ̀ka, ìyẹn kọ́rọ̀ yẹn, sí. Kí ẹni tó ń tẹ̀ka kọ ẹ̀yìn sí ògiri, kí ẹnikẹ́ni má lè rìn kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e kọjú síbi tí èrò dúró sí, ẹ bẹ olórí ibùdó kó yí i. Èmi yí i nígbà tí àwọn àgbà àdúgbò bẹ̀ mí, ẹjẹ́ńtì ẹgbẹ́ òṣèlú méjì bínú sí mi, ṣùgbọ́n wọn ò lè sọ ìdí tí wọ́n fi ń bínú síta. Wọn ò sì gbà kéèyàn mú fóònù wọ inú kọ́rọ̀. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń ya fọ́tò ìwé ìbò rẹ̀, owó ló fẹ́ lọ gbà.

Ẹ jẹ́ kí tàdáwà gbẹ kí ẹ tó ká ìwé. Ìka yòówù lẹ lè lò, kì í ṣe àtàǹpàkò nìkan. Bí ọwọ́ bá sì ṣèèṣì kan ibi méjì, ẹ má tíì jù ú sínú àpótí o: ẹ dá a padà fún olórí ibùdó, yóò fún yín ní òmíràn.

Dáyọ̀ Ìjòkà
Ti ẹni tó ń wo ọwọ́ èèyàn yẹn, màmá, mi ò mọ̀ pé ó ti burú tó báyẹn. Ní ibùdó tiwa lẹ́yìn ilé-ìwé, ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n gbé páálí sí, ọlọ́kadà tó ń kọjá gan-an lè rí i.

Ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún
Látìlú Òǹdó ni mo ti ń kọ̀wé. Kẹ̀kẹ́ àwọn akàndá ni mo fi ń rìn. Mo fẹ́ kí ẹ rántí àwa náà. Òfin ní kí wọ́n jẹ́ ká dìbò ṣáájú. Afọ́jú tàbí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò ṣe déédéé lè mú ẹni tó bá fọkàn tán wá láti bá a tẹ̀ka. Olùdìbò fúnra rẹ̀ ló ń yan ẹni náà, kì í ṣe òṣìṣẹ́ INEC, kì í sì í ṣe ẹjẹ́ńtì ẹgbẹ́. Ẹjẹ́ńtì kan fẹ́ di apá ọ̀rẹ́ mi mú láti “ràn án lọ́wọ́”, a pariwo.

Ohun tó ń dà mí láàmù jù ni ẹnu ọ̀nà. Inú kíláàsì tó ní àtẹ̀gùn ni wọ́n gbé àpótí sí níbùdó tiwa. Èèyàn mẹ́rin ló gbé mi gun òkè. Àwọn tó gbé mi ṣe dáadáa, Ọlọ́run á san án fún wọn, ṣùgbọ́n ojú tì mí. Wọ́n lè gbé àpótí náà sí fàráńdà. Ẹ̀yin tí ẹ wà ládùúgbò tó ní akàndá, ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì INEC ìjọba ìbílẹ̀ yín kó tó di ọjọ́ ìbò, ẹ sọ orúkọ ibùdó àti iye àtẹ̀gùn tó wà níbẹ̀.

Ọmọ Ìlàjẹ
Àbúrò yín obìnrin tó wà ní FUTA, èmi àti ẹ̀ ń bá ìṣòro kan náà yí. Àkúrẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, etíkun ni káàdì mi wà. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ wá síbi tó ń gbé, ìgbà tí INEC bá ṣí ìforúkọsílẹ̀ ló ń ṣe é, ó sì gbọ́dọ̀ ti béèrè kó tó ku àádọ́rùn-ún ọjọ́ sí ìbò. Nítorí náà, kò lè ṣeé ṣe fún ti oṣù Kìíní. Wọ́n ṣí i fún àwa àti Edo ní ìparí oṣù Karùn-ún 2024, ọ̀pọ̀ wa ò kà á sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tí káàdì rẹ̀ sọnù tàbí tó ya: àádọ́rùn-ún ọjọ́ kan náà ni. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá gba owó lọ́wọ́ yín, ẹ má fún un.

Àmọ́ kí àbúrò ronú dáadáa kó tó gbé e. Èmi ò gbé tèmi. Òkun ń jẹ Ayétòrò, ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì ti wọ omi, apá gúúsù ìpínlẹ̀ yìí sì ti wà nínú òkùnkùn láìsí iná mànàmáná fún ohun tó ju ọdún mẹ́wàá lọ. Bí gbogbo ọmọ wọn tó wà ní Àkúrẹ́ bá kó ìbò wọn wá síbí, ta ló kù tí yóò bá wọn dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ nílé? Ohun tí mò ń ṣe ni pé ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo ti ń wọkọ̀ lọ, torí láti òru mọ́jú Sátidé ni ọlọ́pàá ti ń dá ọkọ̀ dúró, ọkọ̀ ojú omi ò sì dá lójú. Òǹdó ò jìnnà sí Àkúrẹ́. Kí àbúrò lọ sùn síbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.

Bàbá Tíṣà, Òkè-Àró
Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ ti sọ ti kí ìbò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ti sọ ti orí ìlà. Èwo ni ti lẹ́yìn agogo méjì àbọ̀? Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé àwọn ọ̀dọ́ ń tú ká lọ wo bọ́ọ̀lù.

Mo wà ní Àkúrẹ́ ní oṣù Kẹjọ 1983. FEDECO, àjọ elétò ìdìbò ìgbà náà, kéde pé Akin Ọmọ́bóríowó ló wọlé ìbò gómìnà, pé Ajáṣin tó wà lórí ipò ló fìdí rẹmi. Ìlú gbiná. Wọ́n sun ilé, ẹ̀mí ṣòfò, àwa tí a ní ọmọ kéékèèké ń sá kiri. Ilé ẹjọ́ ló padà sọ pé Ajáṣin ló wọlé. Ọdún mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn náà, ní 2007, wọ́n tún kéde ẹnì kan pé ó wọlé, Olúṣẹ́gun Mímíkò tó bá a du ipò gómìnà náà gba kọ́ọ̀tù lọ. Ìwé ìbò tí ìka kan náà tẹ̀ léraléra wà lára ẹ̀rí tó kó síwájú adájọ́. Ọjọ́ 23, oṣù Kejì, 2009 ni kọ́ọ̀tù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Benin gbé ipò náà fún un. Mo sọ ìtàn yìí kí ẹ lè mọ̀ pé ìwé ló ń jà fún ìbò, kì í ṣe igi àti òkúta.

Ní báyìí, níbi ìbò INEC, ìwé ti wà níwájú yín. Wọ́n á ka ìbò sókè kí gbogbo èèyàn gbọ́. Wọ́n á kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù èsì ìbò, EC8A, ẹjẹ́ńtì á fọwọ́ sí i, wọ́n á lẹ ẹ̀dà kan mọ́ ògiri níbùdó, wọ́n á sì fi BVAS gbé e sórí IReV, ìkànnì tí ará ìlú ti lè wo èsì. Ẹ dúró. Ẹ ya fọ́tò ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Bó bá di alẹ́, ẹ ṣí IReV, ẹ fi wé ara wọn. Èèyàn méjì péré tó ní fóònù tó bátìrì rẹ̀ kún tó fún ibùdó kan. Kí wọ́n dúró ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kí wọ́n má bá ẹnikẹ́ni ṣe àríyànjiyàn.

Ọmọ Etí Odò Àlá
Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Ẹ ṣé, ẹ̀yin ará. Ti gọ́tà wa wá ńkọ́?

Akọ̀wé Onílé, Ìjàpọ̀
Èmi ni mò ń dúró kí ẹ dé ibẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ àdúgbò ló ń bá gómìnà jà lórí ohun tó jẹ́ ti káńsù, tí wọ́n sì ń bá káńsílọ̀ jà lórí títì ìjọba àpapọ̀. Nínú ìwé òfin Nàìjíríà, gọ́tà àdúgbò, títì inú àdúgbò, kíkó ilẹ̀, ọjà àti gáréèjì, ojúṣe ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n. Ọjọ́ 11, oṣù Keje, 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, àti pé ẹni tí ará ìlú dìbò yàn ló gbọ́dọ̀ máa ná an. Ìdí rèé tí ìbò oṣù Kìíní yìí fi ṣe pàtàkì sí ẹ̀yin tí ẹ ń gbé létí omi ju ti gómìnà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn máa sùn sílé. ODIEC, àjọ elétò ìdìbò ti ìpínlẹ̀ wa, ló ń ṣe é, kì í ṣe INEC. Ìwé orúkọ INEC náà ni wọ́n ń lò.

Ní àdúgbò wa, a kì í fi ẹnu béèrè. Ẹgbẹ́ onílé á ṣèpàdé, a máa fa ohun kan ṣoṣo yọ. Ẹ gbọ́ dáadáa: ohun kan. Àdúgbò tó bá béèrè gọ́tà, iná, omi, ìtajà àti báńkì nígbà kan náà, ìlérí márùn-ún ló máa gbà, kò ní rí iṣẹ́ kankan. A ya fọ́tò ibẹ̀ nígbà òjò, a wọn gígùn rẹ̀, a kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Ẹnikẹ́ni tó bá wá tọrọ ìbò, ẹgbẹ́ yòówù kó ti wá, a máa ka lẹ́tà sí i létí, a máa ní kó fọwọ́ sí ẹ̀dà tiwa. Àwọn kan kọ̀. A máa kọ orúkọ ẹni tó kọ̀ sílẹ̀, a kà á nípàdé.

Ìyókù wà lọ́wọ́ bí ẹ ṣe jáde tó. Ní oṣù Kọkànlá, ìbò 366,781 ni wọ́n ka fún Ayédatíwá tó wọlé, 117,845 fún Agboọlá Àjàyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, kò tó 500,000, bẹ́ẹ̀ èèyàn 2,053,061 ló forúkọ sílẹ̀. Ibùdó kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ èsì rẹ̀ lọ́tọ̀. Ọmọ òṣèlú tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa wo ibùdó yín, ó máa mọ̀ bóyá ẹ jáde. Àdúgbò tí kò jáde, kò sí lẹ́tà tó lè gbà á.

Ìyá Aláṣọ, Ọjà Ọba
Ọmọ Etí Odò, ilé wo lẹ ti ń ṣèpàdé onílé? Bí ẹ bá ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tàbí àgbàlá, ẹ pe àwọn ìyá àdúgbò jọ lọ́sàn-án Sọ́ńdè, kí ọmọ kan tó mọ fóònù lò dáadáa jókòó síbẹ̀, kó máa bá wọn wo ibùdó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kó kọ ọ́ fún wọn ní lẹ́tà ńlá ńlá.

Ọmọ Etí Odò Àlá
Mo ti bá alága wa sọ ọ́ lórí fóònù báyìí, màámi. Ó gbà. Sọ́ńdè tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn. Mo fẹ́ kí wọ́n mú káàdì wọn dání, kì í ṣe ẹ̀dà, nítorí nọ́ńbà kéékèèké tó wà lára ẹ̀dà ò ṣeé kà.

Àgùnbánirọ̀ Àná
Kí wọ́n mú un dání fúnra wọn ni o, kí ẹnikẹ́ni má bá wọn gbà á jọ. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá ṣe wàhálà lọ́jọ́ náà, ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀, ẹ dá káàdì padà fún oníkáàdì, kí ẹ wò ó lóru. Mo wà ní Òkè-Àró ní gbogbo ìparí ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ẹni tí yóò bá yín tẹ̀ ẹ́, ẹ ránṣẹ́ sí mi níbí, màá wá.